Adìẹ Tó Tutù

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù ni owó ń wọ káàdì Verlene Stidham.
Òjò ìbáà rọ̀, yìnyín ìbáà bo gbogbo òkè Kẹntọ́kì,
aago mẹ́jọ àárọ̀ á bá a lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa,
òun àti Coy, ọmọ ọmọ rẹ̀, tí bàtà rẹ̀ ti yanu.
Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ owó. Ó di ọdún kọkànlá.
Mo mọ ohun tí káàdì yìí ń gbà, mo mọ èyí tó ń kọ̀,
bí obìnrin ṣe ń mọ ìwà ọkọ tó ti pẹ́ nílé.

Ó gba búrẹ́dì. Ó gba ẹ̀wà, ó gba wàrà,
ó gba àpò ọ̀dùnkún tí Coy gbé léjìká bí ọkùnrin.
Ó gba súìtì pàápàá, ẹ má bi mí nídìí rẹ̀.
Ọṣẹ ńkọ́? Ó kọ̀.
Bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ó kọ̀.
Oúnjẹ ajá? Ó kọ̀; kí ajá lọ bá ìjọba sọ ọ́.
Verlene kì í jà. Ó ní àpò aṣọ kan tó ń so owó ẹyọ mọ́,
inú rẹ̀ ni ọṣẹ ti ń jáde,
ẹyọ kan, èyí tó kéré jù.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Coy dúró níwájú gíláàsì
níbi tí adìẹ ti ń yí lórí iná, tó ń yí, tí ọ̀rá ń kán tó tó tó.
Òórùn yẹn mú un nímú bí ìwọ̀ ṣe ń mú ẹja.
"Màmá àgbà, òní ni wọ́n bí mi."
Kò purọ́. Ó pé ọdún mẹ́jọ.
Verlene gbé adìẹ kan síwájú mi, kò wo ojú mi.
Mo ní, "Verlene, ó gbóná."

Bí òfin ṣe rí nìyẹn: tó bá ti gbóná, káàdì ò mọ̀ ọ́n.
Kí ẹni tí ebi ń pa lọ dáná nílé ara rẹ̀.
Iléeṣẹ́ iná sì ti gé tiwọn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀ mí kanlẹ̀,
ó ń fi ojú ka ẹrù rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan,
bí ẹni pé àpò òun ni wọ́n ti ń yọ ọ́.
(Èmi náà ní irú káàdì yẹn. Ọjọ́ kẹtàlá ni tèmi.
N kò sọ fún ọkùnrin náà.)

Hobart tó ń yan adìẹ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ épírọ́ọ̀nù,
ó gba adìẹ náà, ó tì í sínú fíríìjì.
"Ẹ padà wá láago mẹ́rin."
Wọ́n padà wá. Ọ̀rá ti dì funfun bí àbẹ́là.
Adìẹ kan náà ni, iyọ̀ kan náà, ikú kan náà ló kú.
Mo fi í han ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dún pìì: ó gbà á.
Orí bẹ́ǹṣì ìta ni wọ́n ti jẹ ẹ́, nínú òtútù,
Coy ń lá ìka, èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀,
ó kúkú jọ pé oúnjẹ gbígbóná ló ń jẹ.

Káàdì náà ń gba irúgbìn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀.
Ní ìgbà tí yìnyín yọ́, Verlene ra ọ̀gbìn tòmátò mẹ́fà,
ewé rẹ̀ ò ju etí eku lọ.
Ẹnì kan bi í pé ṣé oúnjẹ nìyẹn.
Ó ní, "Kò tíì jẹ́."

Nínú oṣù kẹjọ, ó mú mẹ́ta wá fún mi nínú ìwé ìròyìn,
oòrùn ṣì wà lára wọn.
Ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ó gbóná,"
ó sì rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi dé.
Ìdí ẹ̀rọ ni mo ti jẹ ẹ́. Omi rẹ̀ ta sí mi láṣọ iṣẹ́.
Mo ra ọṣẹ lálẹ́ ọjọ́ náà,
ẹyọ kan. Owó ẹyọ ni mo fi san án.